Ọkọ̀ Tí Bàálù Ń Bà Lé

Lọ́jọ́ tí ẹbí jókòó lórí ẹrù ẹ̀gbọ́n mi, baálé ilé wa bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ mú. Nílé tiwa, kí àwọn ọmọ olóògbé tó pín ogún, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ a kọ́kọ́ mú ohun kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò máa fi rántí rẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó kù, èmi nìkan ni. Wọ́n ti ká agbádá sányán rẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Wọ́n tilẹ̀ ti gbé rédíò rẹ̀ lé e lórí. Mo wò wọ́n, mo ní kì í ṣe ìyẹn, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni mo fẹ́.

Baálé wa yọ awò ojú rẹ̀. "Ọkọ̀ wo?"

"Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù."

"Igi gbọọrọ tí adìyẹ ń sùn lé yẹn?"

"Òun náà ni."

"Ìwọ obìnrin yìí, Ìlá kò ní òkun. Níbo lo fẹ́ wà á lọ?"

Àwọn ìyàwó ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ló sọ. Mo ní kí wọ́n ṣáà fún mi.

"Gbé e," ni baálé wa wí. "Ṣùgbọ́n kó tó di Sátidé ni o. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù yẹn ń gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ bọ̀. Ohun tó bá bá níbẹ̀, igi ìdáná ni."

Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jókòó lọ́jọ́ náà, mo mọ orúkọ ìyá wọn àti orúkọ ẹni tó bí ìyá wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìwé ìsìnkú ládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ orúkọ kankan síbí. Àwọn tó ti lọ ò lè sọ fún mi pé kí n má kọ tiwọn, àwọn tó wà láyé sì lọ́mọ tó ń kàwé. Ìgbómìnà la sọ síra wa nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé ni mo fi ń kọ ọ́, ìwé mi ò sì ju kíláàsì mẹ́fà lọ, ẹ bá mi fara mọ́ ọn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí mo lè sọ níwájú ẹbí. Mo ṣẹ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí a wà lọ́mọdé. Mi ò sọ fún un títí ó fi kú. Mo fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ sí odò, kí n rí i pé bàálù kan bà lé e, kó sì dúró. Bí ó bá dúró, mo lè sùn.

Ọ̀nà Òkè-Ìlá ni oko kòkó bàbá wa wà. A ní ahéré kan níbẹ̀, odò kékeré kan sì ń kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìyá wa ra ẹja gbígbẹ bọ̀ láti ọjà, ìwé ìròyìn ni wọ́n fi dì í. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ra á kó lè gún. Àwòrán ọkọ̀ ojú omi kan wà nínú rẹ̀. Òkè ọkọ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ bí ibi tí a ń sá kòkó sí, àwọn bàálù kéékèèké sì tò sórí rẹ̀. Òróró ẹja ti jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀.

"Ìlú wo ló ni ín?" ni mo bi í.

Ó gbé ìwé náà sókè sí oòrùn. Kò rí nǹkan kà. "Tiwa ni," ó ní.

"Èwo ni ìlú wa?"

"A óò dá a sílẹ̀."

Bí a ṣe dá ìlú kan sílẹ̀ nìyẹn. Ìlú náà kò ní ọba, ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀ràngún kan ti tó èèyàn. Ìlú náà ní òkun, ìyẹn ibi tí odò yẹn ti fẹ̀, tí ìyá wa máa ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Ó sì ní ọmọ ogun ojú omi. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gágun wọn, èmi ni gbogbo ọmọ ogun. Tó bá ní "Ọmọ ogun," èmi a ní "Ọ̀gágun," a sì na ara mi ṣánṣán.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a fi dánwò, ààbọ̀ igbá ni. Kò tẹ́jú, kò sì lè dúró, aláǹgbá kan gùn ún, ó sì dojú dé. Èkejì ni ọmọrí ìkòkò, ẹ ò níláti bi mí ohun tó ṣe òun. Nígbà kẹta, ẹ̀gbọ́n mi ní igi la máa lò. Bàbá wa ti gé arère kan tó ń fi òjìji bo kòkó, ìtì rẹ̀ wà nílẹ̀. Arère fúyẹ́, kì í rì. Ẹ̀gbọ́n mi fi àdá àti àáké bàbá wa gbẹ́ ẹ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Bàálù, inú ọ̀pá ògùrọ̀ ló fi ṣe é, tó fúyẹ́ bí òwú. Páálí ṣúgà ni apá wọn. Ó fi èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan há wọn ní imú kí wọ́n má baà máa ta gìdìgìdì nínú afẹ́fẹ́.

Méje ni bàálù náà, nítorí ọmọ méje ni ìyá wa bí. Ó fi ẹyín iná kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà àti àwọn tí kò sí.

Ẹni tó tẹ̀lé mi, tí ìyá wa bí kẹ́yìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó tó fi lọ. Ìyá wa kò sunkún lójú wa, wọ́n ti ní kó má sunkún. Ṣùgbọ́n obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ a fi tú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ fún mi pé tí ọkọ̀ bá parí, òun máa ju bàálù ọmọ náà níwájú ìyá wa, yóò fò, yóò bà lé ọkọ̀, yóò sì dúró. Ó ní ìyá wa á rẹ́rìn-ín.

"Bí kò bá wá dúró ńkọ́?"

"Á dúró. Mo ti dán tìẹ wò nígbà mẹ́ta, tìẹ olóríkunkun pàápàá dúró."

Mo fẹ́ ṣe tèmi nínú rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyá wa kì í lo ọpọ́n tuntun, kì í lo odó tuntun, àfi kó kọ́kọ́ fi àdín pa á kó má baà là. Mo wo ọkọ̀ náà, igi tuntun ni, kò sẹ́ni tó fi nǹkan pa á. Ìgò àdín kan sì wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ahéré. Àdín tí wọ́n fi ń pa ọmọ yẹn lára ni, ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ fi ọkọ̀ han ìyá wa, mo mú un. Mo da gbogbo rẹ̀ sójú ọkọ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti orí dé ìdí. Ó ń dán bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ kó bá a bẹ́ẹ̀.

Ìyá wa sọ̀ kalẹ̀ sí odò pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ti so ọkọ̀ mọ́ igi. Ó ní, "Ìyá, ẹ dúró, ẹ wo nǹkan." Ó dárúkọ ọmọ náà fún un. Ó ju bàálù. Mo rí i tó bà lé ojú ọkọ̀, ó bà lé e dáadáa. Ó wá yọ̀. Ó yọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan fà á láti iwájú, ó gba orí ọkọ̀ kọjá, ó já sínú omi, omi sì gbé e lọ sábẹ́ koríko.

"Ó ti lọ," ni ìyá wa wí. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀gẹ́ sómi.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ kan ojú ọkọ̀. Ó nu ọwọ́ sí ara ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ má bínú, Ìyá," ó ní. "Èmi ni mi ò gbẹ́ ẹ dáadáa."

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi di káfíńtà. Ìlẹ̀kùn tó kàn ní Ìlá yìí pọ̀. Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì wa, òun ni. Àga tí mo jókòó lé kọ ìwé yìí, òun náà ni. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé pákó ìrókò mọ́, tí àwọn oníṣẹ́ ìgbàlódé ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ń gbẹ́ arère. Gígùn rẹ̀ ju apá rẹ̀ lọ. Kí n tó bèèrè, ó ní, "Ọmọ ogun."

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo na ara mi ṣánṣán. "Ọ̀gágun."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ti fi fóònù hàn án bí àwọn ìlú ńlá ṣe ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ní okùn ni wọ́n ta sójú ọkọ̀ wọn, bàálù a ní ìkọ́ nídìí, ìkọ́ a sì há okùn. "Wò ó," ó ní, "fífò ò ṣòro fún wọn. Bíbọ̀ ló fún wọn níṣẹ́, bó ṣe fún àwa náà níṣẹ́." Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, ọ̀rọ̀ àdín yẹn a wá sí ètè mi, a tún padà sínú. Mo ń sọ fún ara mi pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àìsàn tó ṣe é kò gbà tó ọ̀sẹ̀ kan.

Ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ kó ọkọ̀ náà jáde. Obìnrin náà ti dàgbà bíi tèmi, ṣùgbọ́n ó bá mi nílé ni, nítorí náà kò dárúkọ mi rí. Eyínfúnjowó ló sọ mí láti ọjọ́ tó wọlé ìyàwó. Eyín tó kù fún mi kò ju mẹ́sàn-án lọ, kò sì yí i padà.

"Eyínfúnjowó, ẹ gbá ìdí rẹ̀ mú," ó ní. "Adìyẹ ti yàgbẹ́ sí orí ibẹ̀."

Ó gbé e lé orí ara rẹ̀, aṣọ ni a fi bò ó. Bàálù méje wà nínú páálí kan, èmi ló gbé ìyẹn. A dé oríta. Àwọn ọlọ́kadà jókòó sábẹ́ ìbòòji, ọ̀kan tí irun ti funfun lágbọ̀n rẹ̀ dìde.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin màmá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Pósí ta nìyí?"

"Ọkọ̀ ogun ni," ni ìyàwó wa dáhùn. "Yà lọ́nà kó má baà yìnbọn fún ọ."

"Ta lẹ fẹ́ bá jà?"

"Ẹni tó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ru ẹrù."

Àwọn yòókù pariwo ẹ̀rín lé e lórí. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó gba ọkọ̀ náà sọ̀, ó sì ṣí aṣọ wò ó. Ó ní, "Bàbá káfíńtà ló ṣe èyí. Àwọn ló kan ìlẹ̀kùn ilé wa." Ó fi rọ́bà de ọkọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀, ó pe èkejì rẹ̀ kó gbé àwa méjèèjì. Báyìí ni a ṣe gba ọ̀nà Òkè-Ìlá lọ, ọkọ̀ ogun níwájú, àwa arúgbó méjì lẹ́yìn.

Oko náà ti di ti ẹlòmíràn ní apá kan. Odò ti súnkì, ṣùgbọ́n ibi tó fẹ̀ yẹn ṣì fẹ̀. Àwọn ará abúlé ṣì ń rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ kò lọ. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè. "Mo fẹ́ rí ibi tí ogun náà máa parí sí," ó ní.

Nígbà tí a tú aṣọ kúrò, oòrùn bà lé ojú ọkọ̀ náà. Apá iwájú rẹ̀ ń dán.

Mo fi ìka kàn án, mo gbé e sí imú. Àdín ni.

Mo rò ó pé ìyàwó wa ti fi inú rere bà á jẹ́, bí èmi náà ṣe fi inú rere bà á jẹ́ lọ́jọ́sí. Mo ní, "Ta ló fi àdín pa ọkọ̀ yìí? Ìwọ ni? Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. "Ọkọ mi ni. Ní gbogbo Sátidé. Ẹ wò ó, kò pa ẹ̀yìn. Tí mo bá fẹ́ bá a pa ẹ̀yìn, á lu ọwọ́ mi kúrò. Ó ní iwájú ni ibi tí wọ́n ti ń lọ, kó máa yọ̀. Ẹ̀yìn ni ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, kó máa họ."

Mo wo ẹ̀yìn. Lóòótọ́, kò fi ráńdà tó ń mú igi dán kan ibẹ̀. Ó gbẹ, ó ṣe họ́rọ́họ́rọ́, okùn ìpẹja mẹ́rin sì nà gbalaja lójú rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní àdín?"

"Ẹ̀yin ni, ó ní."

"Èmi?"

"Ó ní nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ẹ pa àdín sí ọ̀kan, bàálù sì sá eré lórí rẹ̀ bí kò ṣe sá irú rẹ̀ rí. Ó ní òun gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ náà, òun sì gbọ́ ọ lọ́wọ́ tiyín nígbà tí ẹ jọ ń jẹun. Ṣé irọ́ ló pa?"

Mo jókòó sórí gbòǹgbò kan. Ó ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, nígbà tó ń nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, tó ń bẹ ìyá wa pé òun ni òun kò gbẹ́ ẹ dáadáa. Gbogbo ọdún wọ̀nyí tí mo fi ń gbé e sínú, ọ̀gágun ti fi ṣiṣẹ́.

"Kí ló dé tí kò fi bá mi sọ ọ́?"

"Ó ní ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ó ní kò sí kánjúkánjú." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Ẹ dìde, Eyínfúnjowó. Omi ń gbé ọkọ̀ lọ."

A so ó mọ́ igi. Ó léfòó, arère kì í rì. Ọlọ́kadà dúró sínú omi dé orúnkún, mo fi bí yóò ṣe fa rọ́bà tí ẹ̀gbọ́n mi so síwájú ọkọ̀ bíi ti kànnàkànnà hàn án, bí yóò ṣe jù ú sílẹ̀. Nínú páálí, orúkọ wa méjèèje wà níbẹ̀, iná ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ wọ́n, lẹ́tà rẹ̀ kò yí padà. Ìkọ́ irin agbòòrùn wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mú ti ẹni tó tẹ̀lé mi, mo gbé e lé iwájú ọkọ̀.

Rọ́bà ta á. Ó sáré lórí àdín yẹn, ó fò, ó wá bá wa létí odò, ìyàwó wa sì fi ìró gbà á bí ẹni tó ń gba ọmọ.

"Ìyẹn ni lílọ," mo ní. "Ó ku bíbọ̀."

Mo jù ú. Apá mi kò le mọ́, kò dé ọkọ̀, omi ló já sí. Ọlọ́kadà mú un kí omi tó gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi inú ẹ̀wù rẹ̀ nù ún. Mo tún un jù. Ó kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ta padà.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín jù ú."

"Dúró síbi tí mo fi ọ́ sí."

"Wọ́n ti fi yín joyè ọ̀gágun ni?"

"Wọ́n ti fi mí jẹ ẹ́," mo dá a lóhùn. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí bàálù náà nímú, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ṣe. Mo jù ú lẹ́ẹ̀kẹta.

Ó lọ sókè díẹ̀, ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó bà lé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó yọ̀ díẹ̀, ọkàn mi sì bá a yọ̀, ó kọjá okùn kìíní, ó kọjá èkejì. Okùn kẹta há a. Ó dúró. Ọkọ̀ náà ń mì lórí omi, bàálù yẹn kò sì kúrò lójú kan.

"Ó ti dé," ni ìyàwó wa wí.

Mi ò tíì sọ fún un rí ohun tí ìyá wa sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo bú sẹ́kún, mo sì ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìró mi tú tí mo ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Ọlọ́kadà kọjú sẹ́yìn kó má baà rí mi.

A ju àwọn yòókù, àfi tèmi, títí oòrùn fi kan orí wa. Ti àwọn ẹ̀gbọ́n wa méjì wọ omi, a mú wọn, a tún wọn jù, wọ́n dé. Mo ju ti ẹ̀gbọ́n mi náà, ó sì ṣe bí òun fúnra rẹ̀, ó kọ́kọ́ yí po díẹ̀ kó tó bà lé. Mo tò wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀ bí wọ́n ṣe tò nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹja.

Ọkọ̀ náà wà nínú yàrá mi báyìí, ẹsẹ̀ ibùsùn ló wà. Baálé wa wá wò ó, ó fọwọ́ kan àwọn okùn náà, ó wá bi mí ìgbà tí a tún ń lọ, pé òun náà fẹ́ wò ó. Mo ní Sátidé. Ìyàwó wa ló ń ra àdín wá. Iwájú nìkan ni mo ń pa. Mẹ́fà ti lọ, mẹ́fà ti bọ̀. Èyí tí orúkọ mi wà lára rẹ̀ wà níwájú, lórí ibi tó ń yọ̀. Mi ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa rọ́bà rẹ̀.